Mẹ́mọ́rì Kékeré Tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Yàn fún Ìyàwó Rẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbà pé ọkùnrin tó ń na ìyàwó nìkan ni ọkọ burúkú, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò na ìyàwó rẹ̀ rí. Kì í mutí. Kì í pariwo. Ó máa ń pààrọ̀ ìlédìí ọmọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Aládùúgbò á rí i, á ní ọkọ gidi nìyí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló fi orúkọ náà pe ara rẹ̀, àwọn tó kù sì gbà á bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó rọrùn ju kéèyàn máa bá a jiyàn lọ. Kò sí ohun tí kò mọ̀. Bí iná bá lọ, ó mọ ìdí. Bí òjò bá rọ̀, ó ti wí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù kéékèèké ni, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti gé ohun tí wọ́n bá yà, kó sì so ó pọ̀: ìpolówó ọṣẹ, ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ alága ilé iṣẹ́ kan, irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kátúùnù ni tirẹ̀. Bí obìnrin yìí bá ya ajá, tí ajá náà bá yọ ahọ́n síta, ó máa ń ṣe èèyàn bíi kó ju egungun sí i. Apidán ni àwọn ará ibi iṣẹ́ ń pè é. Òun kọ́ ló fún ara rẹ̀ lórúkọ yẹn.

Ẹ ti ń rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Apidán bímọ obìnrin, ó sì wà nílé fún ìsinmi. Ní àkókò yẹn ni Màdáámù tó ni ilé iṣẹ́ pinnu láti ra kọ̀ǹpútà tuntun méjì, ọ̀kan fún ọkọ, ọ̀kan fún ìyàwó. Ẹni tó fẹ́ tà á fún wọn sọ pé gbogbo nǹkan ti pé, ó ku mẹ́mọ́rì. Kí wọ́n sọ iye tí wọ́n fẹ́ kóun fi sínú èyí àti ìyẹn.

Fún ẹni tí kò mọ̀, mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà kì í ṣe ibi tí à ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí. Tábìlì télọ̀ ni. Aṣọ lè kún àpótí télọ̀ bámúbámú, èyí tó bá fẹ́ gé lọ́wọ́, orí tábìlì ló máa tẹ́ ẹ sí. Bí tábìlì bá kéré, á máa ká aṣọ, á máa tú u, á máa sáré lọ sáré bọ̀ nídìí àpótí, ilẹ̀ á ṣú, ẹyọ apá aṣọ kan ò ní tíì parí. Ẹni tó kàn ń gé fíìmù kúkúrú so pọ̀ lè lo tábìlì kékeré. Ẹni tó ń ya ẹranko tí irun ara rẹ̀ ń mì nínú atẹ́gùn, tábìlì tirẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́jú. Gíìgì ni wọ́n fi ń wọn bó ṣe fẹ̀ tó.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣèpàdé lórí rẹ̀, ìyàwó ń wẹ ọmọ lọ́wọ́. Ó ní:

"Dádì, ẹ bá mi sọ fún Màdáámù pé tèmi ò gbọ́dọ̀ dín ní gíìgì mẹ́rìnlélọ́gọ́ta o. Irun ẹranko máa ń jẹ mẹ́mọ́rì bí iná ṣe ń jẹ koríko gbígbẹ."

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin kẹ̀? Mẹ́rìndínlógún ti tó yín. Ṣebí kẹ́ ẹ gé e, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ náà ni."

Kò fi gún un lára o. Ọṣẹ ti wọ ọmọ lójú, ibẹ̀ lọkàn rẹ̀ wà. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló sọ, bí ìgbà tí awakọ̀ bá ní epo báyìí tó mọ́tò báyìí. Ṣùgbọ́n ó gún Ọ̀jọ̀gbọ́n lára. Gé e, lẹ̀ ẹ́. Ṣé gbogbo ohun tí òun ń ṣe láyé nìyẹn lójú obìnrin yìí? Láti ilé títí dé ibi iṣẹ́ ló ń jẹ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu bí oògùn tó korò tí kò lómi tó máa fi gbé e mì.

Nípàdé, Màdáámù kọjú sí i.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ìwọ lo mọ ohun tí ìyàwó rẹ ń lò. Agbára wa ò gbé e ká fi ńlá sínú méjèèjì. Èwo ni ká fi ńlá sí?"

Kò sóhun tó ṣòro nínú ìbéèrè yìí. Ìdáhùn rẹ̀ ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ilé. Ṣùgbọ́n obìnrin tó máa ń gba àlejò jókòó síbẹ̀, ó ń gé èékánná, ó sì ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti rí i lọ́kàn rẹ̀ bí ẹ̀rín ṣe máa bọ́ lẹ́nu onítọ̀hún tó bá gbọ́ pé ẹ̀rọ ìyàwó ju ti ọkọ lọ. Kí ló máa dé bí òun bá yí i padà? Ta ló máa kú?

"Mẹ́rìndínlógún tó ìyàwó mi, mà," ló wí. "Á tiẹ̀ tún ṣẹ́ kù. Àwòrán lásán ló ń yà. Tèmi ló wúwo. Ẹ fi mẹ́rìnlélọ́gọ́ta sí tèmi."

"Ó dá ọ lójú? Èmi rò pé kátúùnù ló máa ń—"

"Mà, iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí."

Màdáámù gbà. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n délé, ìyàwó rẹ̀ bi í: "Ṣé ẹ bá mi sọ ọ́?"

"Mo sọ ọ́. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, bó o ṣe fẹ́ ẹ."

"Ẹ ṣé, ọkọ mi."

Ó gba ọpẹ́ náà. Ó fọwọ́, ó sì jẹun.

Nígbà tí Apidán padà sẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ kan ti ń dúró dè é. Nọ́ọ̀sì àgbà kan wá láti ọsíbítù àwọn ọmọdé, ó jókòó síwájú rẹ̀, ó ń nu ojú gíláàsì rẹ̀.

"Láti ẹnu ọ̀nà làwọn ọmọ yẹn ti máa ń bú sẹ́kún," nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ̀rù yàrá iṣẹ́ abẹ ń bà wọ́n. Lọ́jọ́ kan, ọmọ kékeré kan di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú, àwa àgbàlagbà mẹ́ta la jọ ń tú ìka rẹ̀ kúrò. Mo lọ sílé, mi ò lè jẹun. Mo fẹ́ ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ wò, kí wọ́n mọ̀ pé àwọn máa jí, pé ìyá àwọn á wà níbẹ̀."

Apidán ní: "Ẹ jẹ́ ká lo ọ̀kẹ́rẹ́, mà. Gbogbo nǹkan ló ń já a láyà, síbẹ̀ kò yéé gun igi."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti wọlé.

Ọ̀kẹ́rẹ́ náà dára. Títí di ọjọ́ tó fi irun wọ̀ ọ́.

Bí ìrù ẹranko náà ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ojú kọ̀ǹpútà funfun bí aṣọ òkú. Gbogbo nǹkan dúró. Nígbà tó máa padà tàn, iṣẹ́ àárọ̀ yẹn ti lọ. Ó tún un ṣe. Ó tún lọ. Ó wá ń ṣe é díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ kan lónìí, etí kan lọ́la, bí ẹni ń fi ṣíbí bu kànga.

Ọkọ rẹ̀ wá dúró sẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé o tọ́jú iṣẹ́ náà pamọ́ kí ẹ̀rọ tó kú?"

"Mo tọ́jú ẹ̀."

"O gbàgbé ni."

"Dádì, mi ò gbàgbé."

"Lánàá ńkọ́? Ta ló gbé ìgò omi ọmọ sínú fìríìjì, tó wá ń wá a káàkiri ilé?"

"Ìyẹn yàtọ̀ síyẹn."

"Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn," ló wí, ohùn rẹ̀ sì tutù bí omi àmù. "Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọpọlọ rẹ̀ máa ń nílò ìsinmi. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ."

Ẹ gbọ́ ọ o. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Ó ń dárí ẹ̀ṣẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ dá ji ẹni tí kò ṣẹ̀.

Ọ̀nà ṣì wà fún un láti yọ ẹsẹ̀. Ìyàwó fúnra rẹ̀ ṣí i sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ẹ̀rọ yìí. Ó ń ṣe bíi pé mẹ́mọ́rì rẹ̀ ò tó." Gbogbo ohun tó kù ni kó lọ bá Màdáámù, kó ní òun ṣàṣìṣe, kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Ìtìjú ọ̀sán kan ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń pe ara rẹ̀ ní Ọ̀jọ̀gbọ́n kì í ṣàṣìṣe. Ó wọ abẹ́ tábìlì, ó lu àpótí ẹ̀rọ náà pẹ́pẹ́, ó fẹ́ eruku rẹ̀, ó sì jáde pẹ̀lú orúnkún dúdú.

"Kò sóhun tó ṣe é. Bí tèmi ṣe rí gẹ́lẹ́ ló rí."

Àwọn kan nínú yín á ní, kí ló dé tí ìyàwó kò wò ó fúnra rẹ̀? Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ń tọ ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn lọ sọ́jà láti mọ̀ bóyá lóòótọ́ ló ra ohun tó ní òun rà? Obìnrin yìí gbà á gbọ́. Kò sí àléébù kankan lára rẹ̀ ju ìyẹn lọ.

Kí wá ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ń fi mẹ́mọ́rì ńlá tirẹ̀ ṣe? Bọ́ọ̀lù ló ń gbá. Géèmù ni o, lórí kọ̀ǹpútà, láàárín iṣẹ́ kan sí òmíràn. Ìpolówó ọṣẹ tó ń gé kò gba nǹkan kan. Ẹ̀rọ náà dà bíi gbọ̀ngàn ńlá tí adìẹ kan ṣoṣo ń rìn kiri nínú rẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀, Màdáámù bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn iṣẹ́ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó fún ọkọ. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ìwọ lo yára," Màdáámù á wí. Ọkùnrin yìí á sì ṣe bí ẹni tí kò fẹ́, á gbọnrí, á ní, "Ẹ má bínú sí i, mà. Ara rẹ̀ ni kò tíì bọ̀ sípò." Inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni mumi oyin. Ká tiẹ̀ ní ó mọ̀ ọ́n ṣe ju ìyàwó lọ, à bá ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ó kàn fún un ní tábìlì tó kéré ni.

Apidán bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ara rẹ̀. Á ti ilẹ̀kùn, á padà lọ wò ó bóyá òun tì í. Ó ń sunkún ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibi iṣẹ́, á sì fi omi bọ́jú kó tó jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọkọ rẹ̀ léèrè bóyá òun ti fún ọmọ lọ́yàn. Ọkọ á dáhùn pẹ̀lú sùúrù. Sùúrù rẹ̀ nìkan ti tó láti bí èèyàn nínú.

Ó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní, "Kí ló ń ṣe yín, mà?" Obìnrin náà kò tíì la ẹnu tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ní, "Dókítà, ó ń gbàgbé nǹkan." Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú bó ṣe ń sọ ọ́. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó bi í ní ọ̀rọ̀ lóríṣiríṣi, ó ní òun ò rí nǹkan kan, kó ṣáà máa sùn dáadáa.

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, obìnrin náà dúró lẹ́bàá ọ̀nà.

"Dádì, tó bá jẹ́ pé ọpọlọ mi ń lọ ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí mọ̀."

"Má bẹ̀rù. Mo wà níbí."

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Bí eku ṣe ń wà nínú àká.

Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì máa wá gba iṣẹ́ rẹ̀ pé. Fíìmù kò parí. Ọ̀kẹ́rẹ́ dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ìdajì ara rẹ̀ nírun, ìdajì pá. Ojú ti Màdáámù.

"Ó ti tó," Màdáámù wí. "Apidán, dìde. Ọ̀jọ̀gbọ́n, bá wa parí nǹkan yìí."

Ẹ ò rí bó ṣe wú! Ó na apá, ó fa ṣòkòtò sókè. "Ó rọrùn, mà. Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sórí ẹ̀rọ mi."

"Sórí ẹ̀rọ rẹ ṣe kí ni? Ibí ni gbogbo nǹkan wà. Ṣebí o ní ẹ̀rọ yìí ò ní àbùkù? Jókòó síbẹ̀, kí nọ́ọ̀sì fojú ara wọn rí i."

Kí ló fẹ́ wí? Kò lè ní ẹ̀rọ náà kò dára. Kò lè ní òun ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ó jókòó. Ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó káwọ́ gbera bí ọmọ ilé ìwé tó gba òdo.

Ó ṣí ọ̀kẹ́rẹ́ náà. Ó tẹ ohun tó yẹ kó tẹ̀. Ìrù gbéra nílẹ̀ díẹ̀, ó sì dúró gbagidi. Ojú ẹ̀rọ funfun.

"Ó ń ronú ni," Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

Wọ́n dúró. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó tún un tàn. Ó tún funfun. Òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tẹ̀ síwájú.

"Ṣé ọ̀kẹ́rẹ́ ló kú ni, àbí ẹ̀rọ?"

"Ọ̀jọ̀gbọ́n," obìnrin tó ń gba àlejò pè é láti ẹnu ọ̀nà, "ṣé ìwọ náà gbàgbé láti tọ́jú ẹ̀ ni?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ló pa á. Ọkùnrin tó ti fara da ẹkún ìyàwó láìmira, ẹ̀rín ẹlòmíì ni kò lè fara dà. Ó fi ọwọ́ lu tábìlì.

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Ta ló lè fi gíìgì mẹ́rìndínlógún ṣe irú iṣẹ́ yìí? Irun yìí nìkan jù ú lọ! Kò sẹ́ni tó lè ṣe é, kódà kó jẹ́ áńgẹ́lì!"

 

"Mẹ́rìndínlógún?" ìyàwó rẹ̀ wí. "Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi."

Màdáámù yíjú sí obìnrin náà. "Ta ló sọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta fún ọ? Òun fúnra rẹ̀ ló ní mẹ́rìndínlógún tó ọ. Ó ní tìrẹ, àwòrán lásán ni. Inú ẹ̀rọ tirẹ̀ ni mẹ́rìnlélọ́gọ́ta wà."

Gbogbo ojú yí sí ẹ̀rọ tirẹ̀. Géèmù tó dá dúró kó tó dìde ṣì wà lójú rẹ̀, gbangba bí ọjọ́: agbábọ́ọ̀lù kan ju ẹsẹ̀ sókè, bọ́ọ̀lù dúró sínú afẹ́fẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ wò ó pẹ́. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ, "ẹ" ló máa ń fi bá a sọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ nínú ìjà.

"O mọ̀?" ló wí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ń nu òógùn ọrùn rẹ̀.

"Nígbà tó o di ọwọ́ mi mú níwájú dókítà, o mọ̀?"

"Ọ̀rọ̀ tó o sọ sí mi lọ́jọ́ yẹn ló dùn mí," ló wí. Ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọdé. "O ní iṣẹ́ mi ò ju kí n gé e, kí n lẹ̀ ẹ́."

Obìnrin náà ronú. Ó ronú gan-an, nítorí pé ó ti mọ́ ọn lára láti máa fura sí orí ara rẹ̀.

"Ìgbà wo ni mo sọ bẹ́ẹ̀?"

Kò rántí. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe àìsàn. Ọ̀rọ̀ náà ni kò tó ohun tí ẹnikẹ́ni tó ní làákàyè ń rántí.

Màdáámù ní kí ọkùnrin náà máa lọ sílé. Apidán jókòó sí àga rẹ̀, ó pa géèmù náà rẹ́, ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá síbẹ̀.  Ó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, irun rẹ̀ mì láti orí dé ìrù bí koríko tí atẹ́gùn fẹ́ lé lórí, ó sì na ọwọ́ sí ìyá rẹ̀ tó jókòó tì í. Nọ́ọ̀sì bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó ń nu ojú. Apidán kò sunkún. Ó kàn ń tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀túntẹ̀, bí ẹni ń fọwọ́ kan ara rẹ̀ láti mọ̀ bóyá òun ṣì wà.

Ó parí fíìmù náà, àwọn ọmọ ọsíbítù yẹn sì ń wò ó. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò padà sẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Ó ní òun ló fi wọ́n sílẹ̀, pé wọn ò mọyì òun. Ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, tẹ́ ẹ̀ ń sọ pé ẹ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láé, ẹ bi ara yín ohun tẹ́ ẹ sọ fún ìyàwó yín nígbà tó kẹ́yìn tó ṣe ohun tó dáa ju tiyín lọ.

Ìyàwó gbé ọmọ, ó lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ọkọ mú ẹ̀gbọ́n tirẹ̀, àgbàlagbà tó níyì, wá bẹ̀bẹ̀. Àgbàlagbà náà jókòó, ó fara balẹ̀, ó ní:

"Ìyàwó wa, mo gbọ́ pé nítorí mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà ni. Ṣé ìyẹn náà ló ń tú ilé?"

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n," obìnrin náà wí. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ nítorí ọjọ́ orí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò wolẹ̀. "Ká ní owó mi ni wọ́n jí ni, ǹ bá ní owó ni. Ọpọlọ mi ni àbúrò yín jí, ó sì ń bá mi wá a kiri."

Àgbàlagbà náà wo àbúrò rẹ̀. Ó dúró dè é kó sẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Dìde," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Dìde, ká máa lọ. Mi ò ní ẹnu tí mo fẹ́ fi bẹ èyí."

Wọ́n jáde. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n bí ọkùnrin yìí ṣe dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó yíjú padà, ó ní bí ẹ̀rọ ńlá tí ìyàwó rẹ̀ ń lò báyìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná jù, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, kó pe òun, nítorí òun lòun mọ̀ ọ́n.

 Ìyàwó rẹ̀ ti wọlé lọ fún ọmọ lọ́yàn.